Ogun Parí, Ta Ni Yóò Dáhùn?

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń ka ìwé yìí, bí ẹ bá dúró ní Kèrè tí ẹ gbójú sókè, òkè ni ẹ máa rí. Òkè 41 ni àwọn àgbà máa ń kà ní ilẹ̀ Ìdààṣà. Lónìí àwọn ọmọdé ń gun orí wọn lọ ṣeré, àwọn àlejò sì ń wá wò wọ́n. Ṣùgbọ́n láyé àtijọ́, àwọn òkè wọ̀nyí kì í ṣe ibi eré. Ibẹ̀ ni àwọn baba ńlá wa ń sá sí nígbà tí ogun Dànhọmẹ̀ bá dé. Àpáta ni odi wọn, ihò àpáta ni yàrá wọn. Ẹni tí kò bá tètè gòkè, wọ́n á mú un lẹ́rú. Àwọn kan di ẹrú ní Àgbómẹ̀. Àwọn mìíràn dé Wídà, ọkọ̀ ojú omi gbé wọn lọ sí òkèèrè, wọn kò sì padà mọ́.

Mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan. Ta ni ó dáhùn fún àwọn ogun wọ̀nyẹn? Ta ni a pè jókòó, tí a bi í pé, "Kí ló dé tí o fi ṣe báyìí sí wa?" Kò sí. Ní ọdún 1892, Fàránsé gbé ogun ja Dànhọmẹ̀. Ní ọdún 1894, ọba Gbẹ̀hànzìn bọ́ sí ọwọ́ wọn, wọ́n gbé e lọ sí erékùṣù Martinique, ó sì kú ní ilẹ̀ Algérie ní ọdún 1906. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí àwọn tí a kó ní ẹsẹ̀ òkè Ìdààṣà ni wọ́n ṣe mú un. Nítorí pé ó bá Fàránsé jà ni. Aṣẹ́gun ló fìyà jẹ ẹni tí a ṣẹ́gun, nítorí ti ara rẹ̀. Àwọn tí ogun jẹ níyà kò ní ohùn níbẹ̀. Kò sì sí ẹni tó bi Fàránsé léèrè nípa ẹ̀jẹ̀ tí òun náà ta sílẹ̀.

A kò sọ èyí láti dá ìjà sílẹ̀. Lónìí, àwa àti àwọn Fọ̀n àti àwọn Maxi ń fẹ́ ara wa, a jọ ń tajà ní ọjà Glazué, a jọ ń sin òkú wa. A sọ ọ́ kí ẹ lè rí i bí nǹkan ṣe rí láyé àtijọ́: bí ogun bá parí, alágbára a máa lọ sinmi, aláìlágbára a máa lọ sọkún. Ó parí náà nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ní ìgbà tiwa yìí, nǹkan kan yí padà. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa níbí, àwọn tí ogun jẹ níyà dìde, wọ́n ní àwọn kò ní sọkún lásán. Wọ́n ní kí ogun dúró. Nígbà tí ogun sì dúró, wọ́n ní kí àwọn tó dá a sílẹ̀ wá dáhùn níwájú adájọ́. Ìtàn wọn ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Bí ogun Làìbéríà ṣe bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà díẹ̀ yóò rántí oṣù kejì ọdún 1990. Nǹkan ti bàjẹ́ ní ilẹ̀ wa nígbà náà. Owó oṣù kò jáde, báńkì ti dẹnu kọlẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ kò gbé ìbọn. Wọ́n lọ jókòó ní Kútọnu, wọ́n ṣe Àpérò Orílẹ̀-èdè láti ọjọ́ 19 títí dé ọjọ́ 28 oṣù náà. Isidore de Souza, àlùfáà àgbà nínú ìjọ Àgùdà, ni ó darí rẹ̀. Ààrẹ Mathieu Kérékou gba ohun tí àpérò náà fẹnu kò sí. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló yí ìjọba padà.

Ní oṣù yẹn kan náà, iná ogun ti ń jó ní Làìbéríà. Sójà kan tí ń jẹ́ Samuel Doe ló fi ìbọn gba ìjọba níbẹ̀ ní ọdún 1980. Charles Taylor ti bá a ṣiṣẹ́ rí kí wọ́n tó di ọ̀tá. Ní ọjọ́ 24 oṣù kejìlá ọdún 1989, Taylor àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gba Côte d'Ivoire wọ agbègbè Nimba, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ogun. Àwọn sójà Doe pẹ̀lú bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn ẹ̀yà tí wọ́n fura sí. Ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 1990, wọ́n wọ ilé ìjọsìn Luther kan ní Monrovia, níbi tí àwọn ènìyàn sá sí pẹ̀lú ọmọ wọn, wọ́n pa bí 600 nínú wọn. Ní oṣù kẹsàn-án, ẹgbẹ́ ogun mìíràn, ti Prince Johnson, mú Doe, wọ́n sì pa á.

Àjọ CEDEAO rán àwọn sójà lọ síbẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Ogun náà ń lọ, ó ń bọ̀. Nígbà tó di ọdún 1997, wọ́n dìbò. Taylor ló wọlé. Ẹ má ṣe jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ ènìyàn dìbò fún un nítorí wọ́n mọ̀ pé bí kò bá wọlé, yóò tún padà sínú igbó. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà dìbò ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í mú àlàáfíà wá. Ní ọdún 1999, ogun kejì bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe Làìbéríà nìkan ni iná yìí jó. Láti ọdún 1991, ogun wọ Sierra Leone, ilẹ̀ tí àwọn baba wa ń pè ní Sàró. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ tí ń jẹ́ RUF ń gé ọwọ́ àwọn ará ìlú, wọ́n ń gbé ìbọn lé àwọn ọmọdé lọ́wọ́. Taylor wà lẹ́yìn wọn. Ó ń rán ohun ìjà sí wọn, wọ́n sì ń fi dáyámọ́ǹdì ránṣẹ́ sí i.

A sábà máa ń sọ pé àwọn tó kú nínú ogun méjèèjì ní Làìbéríà tó 250,000. Ẹ fi ojú inú wò ó: kì í ṣe abúlé kan, kì í ṣe ìlú kan.

Àwọn obìnrin tó wọ aṣọ funfun

Ní ọdún 2003, àwọn ọlọ̀tẹ̀ ti súnmọ́ Monrovia. Oúnjẹ ti wọ́n, àwọn ogunléndé kún gbogbo pápá. Àwọn obìnrin ló kọ́kọ́ sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Olórí wọn ni Leymah Gbowee, ìyá ọlọ́mọ kan nínú ìjọ Luther, tó ti ń tọ́jú àwọn ọmọdé tí ogun ti bà lọ́kàn jẹ́. Àwọn obìnrin ìjọ Kristi àti àwọn obìnrin Mùsùlùmí parapọ̀. Èyí kò tíì ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí níbẹ̀. Wọ́n ní, "Ọta ìbọn kò béèrè bóyá Kristi lo ń sìn tàbí o ń kírun."

Wọ́n wọ aṣọ funfun, wọ́n wé gèlè funfun, wọ́n bọ́ wúrà àti ìlẹ̀kẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n lọ jókòó sí pápá kan lẹ́bàá ọjà ẹja, níbi tí ọkọ̀ Ààrẹ Taylor ń gbà kọjá. Oòrùn pa wọ́n, òjò pa wọ́n, wọn kò dìde. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, Taylor gbà láti rí wọn. Gbowee ka ìwé tí wọ́n kọ sí etí rẹ̀: àwọn fẹ́ àlàáfíà, àwọn kò fẹ́ ogun mọ́. Taylor ṣèlérí pé òun yóò lọ sí ìpàdé àlàáfíà ní Gánà. Àwọn obìnrin náà tún wá àwọn olórí ọlọ̀tẹ̀ lọ, títí àwọn náà fi gbà.

Wọ́n dá owó jọ, wọ́n rán díẹ̀ nínú wọn lọ sí Àkrà láti ṣọ́ ìpàdé náà. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Àwọn olórí ogun ń jẹun ní òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ń jà lórí ipò tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò gbà, ọta sì ń bọ́ sílẹ̀ ní Monrovia. Ní ọjọ́ 21 oṣù keje, àwọn obìnrin náà gbọ́ pé àgbá ìbọn tún ti pa àwọn ènìyàn nílé. Wọ́n dìde, wọ́n lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìpàdé, wọ́n fi apá kọ́ apá. Wọ́n ní kò sí ẹni tó máa jáde, àfi bí wọ́n bá fẹnu kò sí àlàáfíà.

Nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ fẹ́ mú Gbowee, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ aṣọ ara rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ Nàgó, mi ò ní láti ṣàlàyé èyí fún yín. Ẹ mọ ohun tó túmọ̀ sí bí ìyá ọlọ́mọ bá fẹ́ fi ìhòòhò rẹ̀ gégùn-ún fún ọmọkùnrin. Jẹ́nẹ́rà Abdulsalami Abubakar ti Nàìjíríà, tó ń ṣe onílàjà, jáde wá bẹ̀ wọ́n. Ó bá àwọn olórí ogun wí. Láti ọjọ́ náà, ìpàdé yí padà. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹjọ ọdún 2003, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà.

Ọjọ́ tí ìwé àṣẹ dé

Ó ku ohun kan tí mo fò nínú ìtàn yìí, ẹ jẹ́ ká padà síbẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 2003, lọ́jọ́ gan-an tí ìpàdé Àkrà bẹ̀rẹ̀, ìròyìn kan bẹ́ sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ pàtàkì kan wà ní Freetown, tí ìjọba Sàró àti Àjọ Àwọn Orílẹ̀-èdè Àgbáyé (ONU) jọ dá sílẹ̀ ní ọdún 2002. Ilé ẹjọ́ náà ti kọ ìwé ẹ̀sùn lórí Taylor láti oṣù kẹta, ó fi pamọ́. Ọjọ́ yẹn ni ó gbé e jáde. Ó ní kí ìjọba Gánà mú Taylor.

Gánà kò mú un. Wọ́n ní àwọn kò lè mú àlejò tí àwọn pè wá ṣe àlàáfíà. Wọ́n fún un ní ọkọ̀ òfuurufú, ó padà sí Monrovia.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yìí ti le tó. Àwọn kan bínú. Wọ́n ní ẹjọ́ ti ba ìpàdé jẹ́, pé bí Taylor bá mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n ló ń dúró de òun, kí ni yóò mú kó gbé ìbọn sílẹ̀? Ẹ̀rù ba àwọn obìnrin pẹ̀lú, nítorí ọmọ wọn wà ní Monrovia. Àwọn mìíràn ní rárá, ìwé àṣẹ yẹn ló fọ́ agbára Taylor, nítorí láti ọjọ́ náà kò sí ẹni tó tún fẹ́ bá a ṣe bí ààrẹ.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ, Taylor fi ipò sílẹ̀. Ààrẹ Obasanjo ti Nàìjíríà gbà á sílé ní Calabar kí ẹ̀jẹ̀ lè dáwọ́ dúró. Ẹ̀jẹ̀ sì dáwọ́ dúró lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ń wá wà nínú ilé ńlá lẹ́bàá odò, ó ń jẹ, ó ń mu.

Ọkùnrin tí wọ́n gé lọ́wọ́

Ọmọ Nàìjíríà kan wà tí ń jẹ́ David Anyaele. Ó ń ṣòwò ní Freetown. Ní oṣù kìíní ọdún 1999, àwọn ọlọ̀tẹ̀ ya wọ ìlú náà. Nígbà tí wọ́n mọ̀ pé ọmọ Nàìjíríà ni, wọ́n gé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, nítorí àwọn sójà Nàìjíríà ló ń bá wọn jà. Ó padà sílé láìní ọwọ́.

Ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ kan náà ló wá gba Taylor lálejò. Ẹ̀yin ará, kí ni ẹ̀yin ì bá ṣe? Anyaele kò wá ìbọn. Ní ọdún 2004, òun àti ọmọ Nàìjíríà mìíràn tí wọ́n gé lọ́wọ́ bíi tirẹ̀ lọ sí ilé ẹjọ́ ní Àbújá. Wọ́n ní òfin àwọn asásálà kò fàyè gba kí a fi ẹni tí a fi irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ kàn pamọ́. Ìjọba ní kí ni tiwọn nínú ọ̀rọ̀ náà? Ní ọdún 2005, adájọ́ dáhùn pé wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti pe ẹjọ́ náà. Ní ọdún yẹn kan náà, bí 300 ẹgbẹ́ ní Áfíríkà àti níbòmíràn parapọ̀, wọ́n ń kọ̀wé, wọ́n ń ké pe Nàìjíríà pé kí ó fi Taylor lé ilé ẹjọ́ lọ́wọ́.

Ní oṣù kìíní ọdún 2006, Ellen Johnson Sirleaf di ààrẹ Làìbéríà, obìnrin àkọ́kọ́ tí a dìbò yàn sí ipò ààrẹ ní Áfíríkà. Ní oṣù kẹta, ó béèrè Taylor lọ́wọ́ Nàìjíríà. Obasanjo gbà. Kí wọ́n tó mú Taylor, ó sá kúrò ní Calabar. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta, wọ́n mú un ní Gamboru, ní ẹnu ibodè Kamẹrúùnù. Wọ́n gbé e lọ sí Monrovia, láti ibẹ̀ wọ́n gbé e lọ sí Freetown. Ẹni tí ń lé ènìyàn kúrò nílé ti di ẹni tí a fi sí àtìmọ́lé.

Ẹjọ́ ní La Haye

Wọ́n bẹ̀rù pé bí ẹjọ́ náà bá wáyé ní Freetown, ogun lè tún bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà wọ́n gbé e lọ sí La Haye, ní ilẹ̀ Họ́láńdì. Ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2007. Ẹ̀sùn 11 ni wọ́n kà sí i lẹ́sẹ̀: ìpànìyàn, ìfipábánilòpọ̀, gígé ẹ̀yà ara, kíkó ọmọdé sínú ogun, àti àwọn mìíràn. Àwọn tí wọ́n gé lọ́wọ́ dúró níwájú rẹ̀, wọ́n sọ ohun tí ojú wọn rí. Taylor ní àwọn agbẹjọ́rò tirẹ̀, òun náà sì sọ tẹnu rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 2012, àwọn adájọ́ ní ó jẹ̀bi gbogbo ẹ̀sùn 11 náà. Wọn kò sọ pé òun ló ń pàṣẹ fún àwọn ọlọ̀tẹ̀ lójoojúmọ́. Wọ́n ní ó ràn wọ́n lọ́wọ́, ó sì bá wọn pète, nígbà tí ó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún, wọ́n fún un ní ẹ̀wọ̀n ọdún 50. Ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2013 àwọn adájọ́ kò yí i padà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbé e lọ láti ṣe ẹ̀wọ̀n náà. Láti ìgbà àwọn ẹjọ́ tó tẹ̀lé ogun ńlá tó parí ní ọdún 1945, títí di ọjọ́ yẹn, kò tíì sí ilé ẹjọ́ àgbáyé kan tó dá ẹni tó ti jẹ́ olórí orílẹ̀-èdè lẹ́bi bẹ́ẹ̀.

Ilé ẹjọ́ Freetown yìí kò mú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Ó dá àwọn olórí ọlọ̀tẹ̀ lẹ́jọ́, ó sì dá àwọn tó jà fún ìjọba lẹ́jọ́ pẹ̀lú. Òun náà ni ilé ẹjọ́ àgbáyé àkọ́kọ́ tó sọ pé ẹni tó bá kó ọmọdé sínú ogun jẹ̀bi, ó sì fìyà jẹ ẹ́.

Ẹjọ́ tó kù nílé

Ẹ tún gbọ́ èyí dáadáa. Ẹjọ́ Taylor dá lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sàró. Kò sí ọ̀rọ̀ nípa àwọn tó kú ní Làìbéríà nínú rẹ̀. Àwọn tó pa ènìyàn ní Làìbéríà ń rìn láàárín ìlú, àwọn mìíràn di aṣòfin.

Ìgbìmọ̀ Òtítọ́ àti Ìlàjà jókòó níbẹ̀, ó gbọ́ ẹnu ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Ní ọdún 2009, ó ní kí a dá ilé ẹjọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọ̀daràn ogun. Ó tún kọ orúkọ àwọn tí kò yẹ kí wọ́n di ipò mú fún ọdún 30. Orúkọ Ààrẹ Sirleaf fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí ó fi owó ran Taylor lọ́wọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Sirleaf ti jẹ́wọ́, ó sì ti tọrọ àforíjì. Ní ọdún 2011, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Làìbéríà ní irú ìfìyàjẹni bẹ́ẹ̀ lòdì sí ìwé òfin. Ní ọdún yẹn kan náà, Sirleaf àti Gbowee jọ gba ẹ̀bùn àlàáfíà Nobel pẹ̀lú obìnrin kan láti ilẹ̀ Yemen. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ayé rí, ẹ̀yin ará: iyìn àti ìbéèrè lè bá ẹnì kan ṣoṣo lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Àwọn tí ogun jẹ níyà kò jókòó. Hassan Bility, akọ̀ròyìn kan tí Taylor ti fi sẹ́wọ̀n, kó àwọn ènìyàn jọ láti máa wá ẹlẹ́rìí, kí wọ́n sì máa kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀. Bí ilé kò bá gba ẹjọ́, wọ́n á gbé e lọ síta. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n mú ọmọ Taylor, wọ́n fún un ní ẹ̀wọ̀n ọdún 97 ní ọdún 2009. Níbẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n mú olórí ogun kan, Mohammed Jabbateh. Kí ni wọ́n mú un fún? Nítorí ó parọ́ nínú ìwé tó fi tọrọ ibi ìsádi, ó fi ohun tó ṣe nínú ogun pamọ́. Ẹ̀wọ̀n ọdún 30 ni irọ́ náà mú wá ní ọdún 2018. Ní ilẹ̀ Suwísì, wọ́n fún Alieu Kosiah ní ọdún 20 ní ọdún 2021. Ní Fàránsé, wọ́n dá Kunti Kamara lẹ́bi ní ọdún 2022. Ṣùgbọ́n ní Finland, wọ́n ṣe ẹjọ́ Gibril Massaquoi, ẹ̀rí kò tó, wọ́n dá a sílẹ̀. Èyí náà dára ká mọ̀: ilé ẹjọ́ tí kò lè dáni sílẹ̀ kì í ṣe ilé ẹjọ́.

Ní ọdún 2024, àwọn aṣòfin Làìbéríà gbà nígbẹ̀yìn pé kí a dá ilé ẹjọ́ náà sílẹ̀. Prince Johnson, ẹni tí àwọn ènìyàn rẹ̀ pa Doe, ti di aṣòfin nígbà náà, òun náà sì fọwọ́ sí i. Ní ọjọ́ 2 oṣù karùn-ún, Ààrẹ Joseph Boakai fọwọ́ sí ìwé àṣẹ láti ṣí ọ́fíìsì tí yóò palẹ̀ ilé ẹjọ́ náà mọ́. Johnson kú ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, adájọ́ kankan kò tíì bi í léèrè. Bí ẹjọ́ bá pẹ́, ikú a máa gba ẹlẹ́jọ́, a sì máa gba ẹlẹ́rìí.

"A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́"

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín ń sọ lọ́kàn báyìí. Ẹ ń sọ pé, "Ǹjẹ́ àwọn àgbà kò ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́? Kí ló dé tí wọn kò jẹ́ kí ilẹ̀ tutù?" Ọ̀rọ̀ àgbà ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè gbá dànù. Bí ewúrẹ́ aládùúgbò bá jẹ iṣu mi, tàbí bí a bá jà lórí ààlà oko, ó yẹ kí a jókòó sí abẹ́ igi, kí baálé là á, kí a jọ mu omi. Ẹjọ́ kóòtù á ba àdúgbò jẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n gé lọ́wọ́ ńkọ́? Ta ló fẹ́ bá a jókòó sí abẹ́ igi? Ẹni tó ṣe é kò wá. Kò ní òun ṣe é. Kò tọrọ gáfárà. Nígbà tí a bá ní, "Ẹ gbàgbé," ẹni tí ogun jẹ níyà nìkan ni à ń sọ fún. Àwọn àgbà yìí kan náà ló ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ìdáríjì dára, ṣùgbọ́n a ní láti mọ ẹni tí à ń dárí jì àti ohun tí à ń dárí jì í.

Ó ṣòro láti fi òṣùwọ̀n wọn èyí tó yẹ kó kọ́kọ́ wá, àlàáfíà ni tàbí ẹjọ́. Bí àwọn obìnrin Monrovia kò bá jókòó sí ẹnu ọ̀nà yẹn, ogun ì bá tún pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Bí Anyaele àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò bá sì lọ sí ilé ẹjọ́, àwọn olórí ogun lọ́la ì bá mọ̀ pé bí àwọn bá pa ènìyàn tó, wọ́n á fún àwọn ní ilé ńlá lẹ́bàá odò. Lójú tèmi, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ìdajì méjèèjì. Àwọn kan dá ogun dúró, àwọn kan ń dí ọ̀nà tí ogun ì bá gbà padà.

Ohun kan tí kò gbọdọ̀ bọ́ lọ́wọ́ wa

Ìdí kan wà tí mo fi kọ ìtàn yìí sínú ìwé àwọn tí ń kọ́ láti kà. Ẹ wò ó, ní gbogbo ibi tí ẹjọ́ ti dé ilé adájọ́, ìwé wà níbẹ̀. Àwọn obìnrin kọ ohun tí wọ́n fẹ́, wọ́n kà á sí ààrẹ létí. Irọ́ tí Jabbateh kọ ló dè é. Ní ilẹ̀ Chad, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Souleymane Guengueng wà nínú ẹ̀wọ̀n Hissène Habré. Nígbà tó jáde ní ọdún 1990, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn tí ìyà jẹ, títí wọ́n fi tó 792. Nígbà tí wọ́n ń lépa rẹ̀, ó fi àwọn ìwé náà pamọ́ sílé. Ìwé wọ̀nyẹn wà lára ohun tó gbé Habré dé iwájú adájọ́ ní Dakar, ní ilẹ̀ Áfíríkà wa. Ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún ọdún 2016, wọ́n rán an ní ẹ̀wọ̀n títí ikú. Ọdún 26 ni wọ́n fi dúró.

Àwọn baba wa tó wà lórí òkè Ìdààṣà kò rí ẹni kọ orúkọ àwọn tí a kó lọ. A mọ̀ pé a kó wọn. A kò mọ iye wọn, a kò mọ orúkọ wọn, àfi èyí tí oríkì ìdílé kan tọ́jú. Bí ẹnì kan bá fẹ́ bèèrè ẹ̀tọ́ fún wọn lónìí, ẹnu rẹ̀ nìkan ló ní.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ìwé báyìí, ẹ má ṣe fi í ka lẹ́tà nìkan. Ẹ lọ bá àwọn àgbà tó kù ní ilé yín, ẹ bi wọ́n léèrè, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ. Kì í ṣe nítorí ìjà. Nítorí kí ẹni tó bá fẹ́ dá ogun sílẹ̀ lọ́la lè mọ̀ pé ẹnì kan ń wo òun, ó sì mọ̀ ọ́n kọ.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ni àwọn obìnrin Làìbéríà ṣe ní Àkrà ní ọjọ́ 21 oṣù keje ọdún 2003? Kí ló dé tí ó fi ba àwọn olórí ogun lẹ́rù?
2. Ǹjẹ́ ó dára kí Nàìjíríà gba Taylor sílé ní ọdún 2003? Ẹ sọ ìdí tí ẹ fi rò bẹ́ẹ̀.
3. Irú ẹjọ́ wo ló yẹ kí a parí ní abẹ́ igi, irú wo ló yẹ kó dé ilé ẹjọ́?
4. Kí ni ẹ mọ̀ nípa ìgbà tí ogun dé abúlé yín? Ta ló sọ ọ́ fún yín? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìlà mẹ́wàá.